Orúkọ Tí Ó Tẹ̀lé Iṣẹ́: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìṣètò àti Ìkó Èédú Ilẹ̀

Ọ̀rọ̀ méjì ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ní fún ohun tí Yorùbá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè ní èédú. "Charcoal" ni wọ́n ń pe èyí tí a sun láti ara igi. "Coal" sì ni èyí tí a wà jáde láti inú ilẹ̀. Bí olùkọ́ bá sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé èédú ni ó ń mú ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ sáré, ohun tí yóò wá sí wọn lọ́kàn ni èédú tí alágbẹ̀dẹ ń fi ẹwìrì fẹ́, tàbí èyí tí ìyá alágbàdo ń lò ní ẹ̀bá títì. Àṣìṣe kékeré ni èyí nínú kíláàsì. Ṣùgbọ́n ní ibi iṣẹ́ tí a ti ń lọ èédú ilẹ̀ kúnná tí a sì ń fẹ́ ẹ sínú iná ìléru, ọ̀rọ̀ tí kò ṣe pàtó lè fa ikú.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé àjèjì pátápátá ni èédú ilẹ̀ láàárín Yorùbá. Ní 1909 ni àwọn awádìí ilẹ̀ tí Albert Kitson jẹ́ olórí wọn rí i ní agbègbè Udi, nítòsí ibi tí ìlú Enugu wà lónìí. Ní 1915 ni wíwà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó sì di 1916 ojú irin ti so ibẹ̀ mọ́ èbúté Port Harcourt. Èédú yìí ni àwọn adáná ọkọ̀ ojú irin ń fi ṣọ́bìrì bù sínú iná. Òun náà ni ilé iṣẹ́ mànàmáná Ìjọra ní Èkó, tí a ṣí ní 1923, ń jó. Lẹ́yìn tí rélùwéè yí sí ọkọ̀ tí ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì, tí epo àti gáàsì sì gba ipò èédú nínú ìpèsè mànàmáná, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá lójú àwọn ènìyàn. Ó tún ti padà wá. Láti àárín àwọn ọdún 2010 ni àwọn ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kan ní Nàìjíríà ti ń lo èédú láti sun òkúta ẹfun, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní Ìbẹsè nítòsí Ìlaròó, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Nítorí náà, àwọn ènìyàn wà ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí tí wọ́n ń kó èédú ilẹ̀, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń fà á símú.

Iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí kì í ṣe tuntun láàárín àwọn onímọ̀ Yorùbá. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé a lè kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì ní èdè abínibí rẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, sì ti fi ẹsẹ̀ ìlànà múlẹ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Àwọn ìlànà tí a mọ̀ ni pé kí a kọ́kọ́ wo inú èdè fún ọ̀rọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀, kí a fẹ ìtumọ̀ rẹ̀ lójú, kí a ṣẹ̀dá tuntun, tàbí kí a yá a láti inú èdè mìíràn. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n fún iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ, ìdánwò kan ṣì kù tí a kì í sábà ṣe: kí ni ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe? Àpilẹ̀kọ yìí gbà pé ìdánwò yìí ni ó yẹ kí ó borí nínú ọ̀rọ̀ èédú.

Èédú, kábọ́nì àti kóòkù

Èédú igi àti èédú ilẹ̀: ìpín méjì yìí tó. Kò sí ìdí láti wá orúkọ bí "òkúta ajóná" kiri, nítorí pé èédú ilẹ̀ kì í ṣe òkúta ní ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Igi àti ewéko inú àbàtà ni, tí ilẹ̀ bò mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ti Enugu tó nǹkan bí 70 mílíọ̀nù ọdún. Ara ewéko ni méjèèjì ti wá. Iná ni ó sọ ọ̀kan di dúdú; ìwúwo ilẹ̀ àti ooru inú rẹ̀ ni ó sọ èkejì di bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe jọ ń jẹ́ èédú kò lòdì sí òtítọ́ sáyẹ́ǹsì rárá, bí a kò bá ti gbàgbé láti sọ irú èyí tí a ń wí.

Ohun tí kò tọ̀nà ni kí a tún fa ọ̀rọ̀ kan náà lọ sí orí ẹ́límẹ́ǹtì tí ó wà nínú méjèèjì. Bí a bá pe ẹ́límẹ́ǹtì náà ní èédú, olùkọ́ kẹ́mísírì yóò ní láti sọ pé "èédú inú èédú yìí jẹ́ 80 nínú 100", gbólóhùn tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Yóò tún ní láti sọ pé èédú ni dáyámọ́ńdì. Kí a yá kábọ́nì wọlé ni ó sàn, kí a sì fi èédú sílẹ̀ fún ohun tí ọwọ́ lè gbá mú.

Ti kóòkù gba àlàyé díẹ̀. Kóòkù ni ohun tí ó kù nígbà tí a bá ti èédú ilẹ̀ mọ́ inú ìléru tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, tí a sì mú un gbóná dé nǹkan bí 1,000 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́sì, títí gáàsì àti ọ̀dà inú rẹ̀ yóò fi jáde tán. Ní 1709 ni Abraham Darby fi í yọ́ irin ní Coalbrookdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣáájú ìgbà yẹn èédú igi ni àwọn ayọ́rin níbẹ̀ ń lò, gẹ́gẹ́ bí àwọn ayọ́rin ilẹ̀ Yorùbá ti ń lò ó. Ẹni tí ó bá ti rí bí a ṣe ń to igi jọ, tí a ń fi koríko àti yẹ̀pẹ̀ bò ó, tí a sì ń dáná sí i lábẹ́ kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé púpọ̀, ti mọ bí a ṣe ń ṣe kóòkù. Ohun tí èédú jẹ́ sí igi ni kóòkù jẹ́ sí èédú ilẹ̀.

Níhìn-ín ni èdè Yorùbá ti ní ohun èlò kan tí ó wúlò gidigidi, ìyẹn ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín sun àti jó. Iṣu tí a sun ṣì jẹ́ iṣu. Iṣu tí ó jó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Lóòótọ́, a ń sọ pé wọ́n dáná sun igbó, ìyàtọ̀ náà kò sì dúró ṣinṣin níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ oúnjẹ, iṣẹ́ ìkòkò àti iṣẹ́ èédú ó dúró: sun ni kí iná yí nǹkan padà kí nǹkan náà sì kù, jó ni kí iná jẹ ẹ́ tán kí ó di eérú. Bí a bá fi sísun sílẹ̀ fún iṣẹ́ kóòkù, tí a sì fi jíjó sílẹ̀ fún ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ìkòkò omi gbígbóná ilé iṣẹ́ mànàmáná, a ti ya ẹ̀kọ́ méjì sọ́tọ̀ láìdá ọ̀rọ̀ tuntun kankan.

Kì í ṣe gbogbo èédú ilẹ̀ ni ó ṣe é sun di kóòkù. Èyí tí ó ṣe é sun máa ń rọ̀ nínú iná, yóò wú, yóò lẹ̀ pọ̀, yóò sì gan padà bíi búrẹ́dì tí inú rẹ̀ kún fún ihò. Èyí tí kò ṣe é sun yóò kàn fọ́ sí wẹ́wẹ́. Èédú adìpọ̀ àti èédú aláìdìpọ̀ ni a lè pè wọ́n. Aláìdìpọ̀ ni ti Enugu. Èyí jẹ́ ìṣòro ńlá fún ilé iṣẹ́ irin Àjàòkúta, tí ìjọba Nàìjíríà bá ilé iṣẹ́ ìjọba Sófíẹ̀tì ṣe àdéhùn ìkọ́lé rẹ̀ ní 1979, nítorí pé ìléru tí ń lo kóòkù ni a gbé kalẹ̀ níbẹ̀. Èédú Lafia-Obi ní ìpínlẹ̀ Nasarawa lè dì pọ̀, ṣùgbọ́n eérú tí ó ń fi sílẹ̀ àti imí-ọjọ́ inú rẹ̀ pọ̀ jù. Títí di 2023 ìléru ńlá náà kò tíì yọ́ irin. Èédú nìkan kọ́ ni ó fa èyí, àmọ́ ìbéèrè tí ó bí fún àwọn onímọ̀ ni bí a ṣe lè tún èédú bíi ti Lafia-Obi ṣe kí ó tó dé inú iná. Iṣẹ́ àtúnṣe yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní fífọ̀.

Jíjọ̀, ṣíṣà, fífẹ́ àti fífọ̀

Bí ọ̀gbufọ̀ bá rí "washing" nínú ìwé ẹ̀rọ tí ó sì kọ "fífọ èédú", a kò lè dá a lẹ́bi. Ohun tí ìwé wí ni ó kọ. Ṣùgbọ́n ara nǹkan ni Yorùbá ń fọ̀. A ń fọ aṣọ, a ń fọ àwo, a ń fọ ẹsẹ̀. Ìdọ̀tí wà lóde, omi sì gbé e lọ. Òkúta àti amọ̀ tí ó dàpọ̀ mọ́ èédú kò wà lóde rẹ̀. Àárín rẹ̀ ni wọ́n wà, ní ìpele ìpele, débi pé bí a bá fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, eérú rẹ̀ kò ní dín kù. Ohun tí a ń ṣe gan-an ni pé a ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, kí òkúta lè yà kúrò lára èédú, lẹ́yìn náà kí a ṣa èyí tí ó dára kúrò láàárín èyí tí kò dára. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ẹ́ ni èyí tí ìyàwó ilé ń lò fún ẹ̀wà: ṣà.

Ṣíṣà ni ó sì jẹ́ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní agbègbè Wigan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn obìnrin ni wọ́n máa ń dúró ní ẹ̀gbẹ́ ìgbànú ẹ̀rọ tí ń gbé èédú kọjá, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣa òkúta kúrò níbẹ̀. Ìyá tí ó tẹ́ ẹ̀wà sínú àwo pẹrẹsẹ kò ní nǹkan púpọ̀ láti kọ́ lọ́dọ̀ wọn.

Nígbà tí ẹ̀rọ dé, ìwúwo ni ó gba ipò ojú. Èédú tí ó mọ́ wúwo tó omi ní nǹkan bí ìlọ́po 1.3, òkúta amọ̀ inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 2.5, òkúta imí-ọjọ́ onírin, tí ń dán bíi wúrà, tó ìlọ́po 5. Bí a bá rí omi kan tí ìwúwo rẹ̀ wà láàárín 1.4 sí 1.8, èédú yóò léfòó nínú rẹ̀, òkúta yóò sì rì. Omi bẹ́ẹ̀ kò sí lódò, àfi kí a ṣe é. Lúbúlúbú òkúta òòfà ni wọ́n ń pò mọ́ omi, nítorí pé òkúta òòfà wúwo, àti pé bí iṣẹ́ bá parí, irin òòfà ni a ó fi fà á padà láti tún un lò.

Àwọn tí ń ṣe àdí mọ èyí dáadáa. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ́ èkùrọ́, tí ọmọ inú rẹ̀ àti èèpo líle rẹ̀ dàpọ̀, wọn kì í jókòó máa ṣà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń po amọ̀ mọ́ omi títí yóò fi wúwo tó, wọ́n ó da gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀. Èkùrọ́ á léfòó, èèpo á rì, wọ́n ó sì fi asẹ́ kó èkùrọ́ lókè. Láàárín omi amọ̀ yìí àti omi òkúta òòfà tí ń bẹ nínú ilé iṣẹ́ èédú, kò sí ìyàtọ̀ kankan ní ti ìlànà. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí kò nílò àwòrán ẹ̀rọ; garawa kan, amọ̀ àti èkùrọ́ fífọ́ ti tó o. Ṣíṣà olómi wíwúwo ni ó yẹ kí a pè é.

Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra níbí. Ọ̀pọ̀ ọ̀gbufọ̀ ni yóò fẹ́ kọ "omi kíki" dípò omi wíwúwo. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ méjèèjì sún mọ́ ara wọn. Nínú iṣẹ́ yìí, wọ́n jìnnà síra bí ilẹ̀ sí ọ̀run. Ẹ̀kọ tí ó ki, ọbẹ̀ tí ó ki, oyin tí ó ki: ohun tí a ń sọ ni pé wọn kò tètè ṣàn. Ohun tí ń rì nínú wọn pàápàá ń lọ́ra. Bí omi inú ẹ̀rọ bá ki, àwọn wẹ́wẹ́ èédú àti òkúta yóò há sí àárín, wọn kò ní lè lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ lásìkò, iṣẹ́ yóò sì bàjẹ́. Gbogbo làálàá àwọn onímọ̀ lórí omi yìí ni pé kí ó wúwo kí ó má sì ki. Òṣìṣẹ́ tí a bá sọ fún pé kí ó mú omi náà ki yóò fi amọ̀ kún un, yóò sì rò pé òun ti ṣe ohun tí a ní kí òun ṣe. Fún ìdí yìí, ìki ni kí ó dúró fún àìtètè ṣàn, kí ìwúwo-àyè sì dúró fún ìwúwo tí nǹkan ní nínú àyè kan náà.

Ẹ̀rọ àtijọ́ mìíràn wà tí kì í lo omi wíwúwo rárá. Omi lásán ni ó ń mì sókè sódò lábẹ́ ajọ̀, kí ohun fúyẹ́fúyẹ́ lè bọ́ sókè. Bí a bá yá orúkọ rẹ̀ bí Gẹ̀ẹ́sì ti ń pè é, jígí ìwojú ni ènìyàn yóò gbọ́. Amómimì ni ó bá a mu.

Èyí tí ó kúnná ju ìdajì mìlímítà lọ kò gbọ́ ti ìwúwo mọ́, nítorí pé ó ń pẹ́ jù kí ó tó rì. Ohun mìíràn ni wọ́n ń lò fún un, ìyẹn ni pé omi kì í rin èédú. Bí omi ṣe ń yí gbirigbiri lórí ewé kókò tí kì í wọ̀ ọ́ lára, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe lára lúbúlúbú èédú. Amọ̀ ní tirẹ̀ a máa gba omi. Wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi náà títí yóò fi hó, èédú á so mọ́ ìfófòó, á gùn ún lọ sókè, amọ̀ á sì kù sínú omi. Yíyà nípa ìfófòó ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí bí ìdọ̀tí ṣe ń bá ìfófòó ẹmu lọ sí ẹnu akèrègbè yóò lóye rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná méjì ṣì kù. Pípín èédú gẹ́gẹ́ bí títóbi ẹyọ rẹ̀ kì í ṣe ṣíṣà. Jíjọ̀ ni, nítorí ajọ̀ ni a fi ń ṣe é, gẹ́gẹ́ bí a ti ń jọ èlùbọ́. Ní ibi tí omi ti ṣọ̀wọ́n, wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ ya èédú kúrò lára òkúta lórí tábìlì tí ń mì tìtì. Fífẹ́ ni èyí, bí a ti ń fẹ́ ìrẹsì. Gẹ̀ẹ́sì da gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìfọ̀mọ́. Yorùbá lè yà wọ́n, kò sì sí ìdí tí ìtumọ̀ yóò fi tálákà ju èdè tí a túmọ̀ sí lọ. Fífọ̀ gan-an ṣì ní àyè tirẹ̀: òun ni fífi omi ṣan òkúta òòfà kúrò lára èédú lẹ́yìn tí ṣíṣà bá parí.

Ìtẹnumọ́ kan lórí eérú. Àwọn ìwé máa ń sọ pé èédú kan ní eérú 15 nínú 100. Kò sí eérú kankan nínú èédú tí kò tíì jó, gan-an gẹ́gẹ́ bí kò ti sí eérú nínú igi tútù. Iye eérú tí yóò fi sílẹ̀ ni a ń sọ, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀tí inú ni ohun tí a ń ṣà kúrò. Eérú ni ohun tí a ń wọ̀n lẹ́yìn iná. Bákan náà ni ti imí-ọjọ́: èyí tí ó wà nínú òkúta onírin ṣe é ṣà, èyí tí ó ti di ara èédú fúnra rẹ̀ kò ṣe é ṣà, nítorí náà "èédú tí a ti ṣà" kò túmọ̀ sí "èédú aláìní imí-ọjọ́".

Kíkó, bíbù àti ṣíṣàn

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, "handling", ni ó bo gbogbo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí èédú láti ẹnu ihò kùsà títí dé ẹnu ìléru. Yorùbá kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì nílò rẹ̀. Ìwà ohun tí a gbé ni ó ń pinnu ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ó lò: a ń gbé ẹyọ kan, a ń kó ọ̀pọ̀, a ń bu ohun tí ó kúnná, a ń rọ ohun tí ń ṣàn. Tí ìtumọ̀ bá tẹ̀lé èyí, òǹkàwé yóò mọ ipò tí èédú wà láìjẹ́ pé a sọ fún un: kíkó ni nígbà tí ó wà ní gbàǹgbà, bíbù ni nígbà tí ó ti kúnná. Ìkó lè dúró fún àpapọ̀ iṣẹ́ náà nínú àkọlé ìwé.

Láàárín 1970 àti 2005, èédú kan wà tí kò ṣe é kó tí kò ṣe é bù. Láti Black Mesa ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń pò ó mọ́ omi ní ìwọ̀n tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, wọ́n sì ń tì í gba inú páìpù lọ sí ilé iṣẹ́ mànàmáná Mohave ní ìpínlẹ̀ Nevada, ìrìn nǹkan bí 440 kìlómítà. Omi abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń fà fún un, nínú aṣálẹ̀, lórí ilẹ̀ àwọn Hopi àti Navajo. Àríyànjiyàn lórí omi yìí sì wà lára ohun tí ó yí òpin iṣẹ́ náà ká. Èédú ṣíṣàn ni orúkọ tí ó yẹ ohun tí ó wà nínú páìpù yẹn. "Ẹrẹ̀ èédú" yóò tàbùkù rẹ̀, nítorí pé ẹrẹ̀ jẹ́ ohun tí a ń dà nù.

Ti àwọn tí ń sọ èédú di epo kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀nà tí Franz Fischer àti Hans Tropsch là sílẹ̀ ní Jámánì ní àwọn ọdún 1920 ni ilé iṣẹ́ Sasol ní Gúúsù Áfíríkà gbé lárugẹ láti 1955. "Sísọ di gáàsì" àti "sísọ di epo" ti tó, èdè ojoojúmọ́ sì ni.

Eruku, afẹ́fẹ́ àti òkìtì tí ń dágbóná

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta 1906, nínú ihò kùsà Courrières ní ilẹ̀ Faransé, eruku èédú gbiná, ó sì pa ènìyàn 1,099. Ìwádìí tí ó tẹ̀lé irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi hàn pé eruku èédú lè bú gbàù fúnra rẹ̀, àní níbi tí gáàsì kò sí. Ìwòsàn tí wọ́n rí fún un nínú ihò kùsà ya ènìyàn lẹ́nu: lúbúlúbú òkúta ẹfun ni wọ́n ń dà lé eruku èédú lórí, kí ó lè gba ooru iná mu.

Fún Yorùbá, eruku kì í pa ènìyàn. Ohun tí a ń gbá ni. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń pe ìgbálẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ó burú jù lọ tí ènìyàn lè ṣe sí lúbúlúbú èédú ni kí ó gbọ̀n ọ́n dìde sínú afẹ́fẹ́ níbi tí iná wà. Bí ó bá sùn sílẹ̀, yóò jó díẹ̀díẹ̀; bí ó bá fò, yóò bú. Nítorí náà, kí a pe èyí tí ó sùn ní lúbúlúbú, kí a pe èyí tí ó fò ní eruku abúgbàù, kí a má sì lo eruku lásán nínú ìkìlọ̀ kankan.

Ti afẹ́fẹ́ le ju èyí lọ. Gbólóhùn "afẹ́fẹ́ èédú" lè tọ́ka sí ohun mẹ́ta tí ìwà wọn kò jọra. Àkọ́kọ́ ni mẹ́tẹ́ènì tí ń jáde lára èédú inú ilẹ̀. Ó fúyẹ́, òkè ni ó ń lọ, ó sì ń bú gbàù bí ó bá wà láàárín 5 sí 15 nínú 100 afẹ́fẹ́. Èkejì ni kábọ́nì ọlọ́síjìn méjì; ó wúwo, ilẹ̀ ni ó ń sùn sí, ó ń pa àtùpà, ó sì ń gba èémí ènìyàn. Ẹ̀kẹta ni kábọ́nì ọlọ́síjìn kan, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn; òun ni ó ń pa àwọn tí wọ́n gbé èédú igi wọ yàrá sùn pẹ̀lú. Ẹni tí mẹ́tẹ́ènì ń hàlẹ̀ mọ́ gbọ́dọ̀ sá fún iná. Ẹni tí ó wà nínú ohun kejì gbọ́dọ̀ sá sókè. Ẹni tí ó wà nínú ẹ̀kẹta gbọ́dọ̀ jáde síta kí orí tó fọ́ ọ tán.

Àwọn awakùsà Gẹ̀ẹ́sì kò dúró de àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì. Kí Humphry Davy tó ṣe àtùpà rẹ̀ ní 1815, wọ́n ti fún àwọn gáàsì yìí ní orúkọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan tí ó túmọ̀ sí oruku-omi tàbí èéfín ṣe ìdí gbogbo wọn: ti iná, ti dúdú, ti funfun. Ọ̀nà kan náà ṣí sílẹ̀ fún Yorùbá. Afẹ́fẹ́ agbiná ni mẹ́tẹ́ènì. Afẹ́fẹ́ apaná ni èkejì. Afẹ́fẹ́ apani-má-rùn ni ẹ̀kẹta. Orúkọ kẹ́mísírì wọn yóò wà nínú ìwé kíláàsì, ti ìṣe wọn yóò sì wà lára ògiri. Kò sí ohun tí ó ní kí nǹkan má jẹ́ orúkọ méjì. Yorùbá kì í sọ ọmọ ní ẹyọ orúkọ kan.

Èyí tí ó kù ni iná tí ń ti inú òkìtì èédú jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dá a. "Iná òjijì" ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀gbufọ̀ lẹ́nu, ó sì lòdì sí òtítọ́ pátápátá. Kò sí òjijì níbẹ̀. Ọ́síjìn ń wọ inú òkìtì, ó ń bá èédú ṣe pọ̀, ooru ń jáde díẹ̀díẹ̀, kò sì rí ọ̀nà lọ. Èédú bíi ti Enugu, tí kò tíì pé tán ní ti ìdàgbà, a máa tètè ṣe bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó ti tọwọ́ bọ abẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó fi bo kòkó mọ bí òkìtì ṣe ń gbóná láìsí iná, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín ni ó fa ti kòkó. Ọ̀rọ̀ méjì ni a nílò fún èyí: àdágbóná fún ìgbà tí ooru ń kó jọ, àti àdágbiná fún ìgbà tí iná ti sọ. Ní ìgbà àkọ́kọ́, a ṣì lè tẹ òkìtì náà mọ́lẹ̀ dan-in kí afẹ́fẹ́ má wọ̀ ọ́ mọ́, tàbí kí a tètè kó o lò. Ní ìgbà kejì, ìjà ni ó kù. Ìkìlọ̀ tí ó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe méjèèjì ti sọ àyè tí ó wà fún àtúnṣe nù.

Kí a wá wo àkọlé ìkìlọ̀ méjì tí a ṣe fún àpẹẹrẹ. Àkọ́kọ́ tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀: "Eruku èédú léwu. Ẹ jẹ́ kí ibí mọ́ tónítóní. Ẹ ṣọ́ra fún iná òjijì." Ẹni tí ó bá kà á yóò mú ìgbálẹ̀, yóò gbá ilẹ̀ kíkankíkan, yóò sì máa retí iná tí ń bẹ́ lójijì. Èkejì tẹ̀lé iṣẹ́: "Lúbúlúbú èédú ilẹ̀ tí ó bá fò yóò bú gbàù. Ẹ má gbọ̀n ọ́n. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Ẹ rọra wọ́n omi sí i kí ẹ tó bù ú. Bí òkìtì bá ń làágùn tàbí tí ó ń rùn bí epo, ó ti ń dágbóná: ẹ ké sí ọ̀gá kíá." Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, pátákó rẹ̀ yóò sì tóbi jù. Kò sí ọ̀rọ̀ àyálò kan ṣoṣo nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀rọ̀ tí a ní láti kọ́kọ́ kọ́ òṣìṣẹ́, àfi dágbóná, òkìtì tí ó wà lẹ́yìn pátákó náà ni yóò sì kọ́ ọ ní ìyẹn.